Ta ló ń gbé ṣúgà láti inú ewé ẹ̀gẹ́ dé inú iṣu rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, ó sì ń ṣe bàọ́lọ́jì. Ó bi mí lálẹ́ àná pé ewé ẹ̀gẹ́ ń fi oòrùn se ṣúgà lókè, iṣu ń tóbi nísàlẹ̀, ta ló wá ń gbé ṣúgà náà lọ bá iṣu? Mo ní ó ń ṣàn lọ fúnra rẹ̀ ni, bí omi. Ó ní tíṣà àwọn sọ pé purotéènì tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé e. Àǹtí mi tí a jọ ń dáko ní kí àwa méjèèjì dákẹ́, ká sáà máa gé ewé ẹ̀gẹ́ fún ewúrẹ́, torí ewé tó bá pọ̀ jù ló ń jẹ oúnjẹ iṣu. Ta ló jàre nínú wa?

* * *

Ọmọ yín ló jàre. Ẹ̀yin náà kò jìnnà sí òótọ́, mo máa padà sórí tiyín. Ti àǹtí ni mi ò fara mọ́, torí ó ti ná mi lówó rí.

Ẹ lọ sí ilé ìdáná. Ẹ bu epo pupa sínú ife kan, ẹ bu omi sínú èkejì, kí ẹ ju hóró ṣúgà kọ̀ọ̀kan sí wọn. Kí ẹ tó parí ọbẹ̀, ti inú omi ti yòrò tán. Ti inú epo á jókòó sísàlẹ̀ bí òkúta, kódà tó bá di ọ̀la. Ṣúgà ọ̀rẹ́ omi ni, kò mọ ọ̀rá rí.

Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn yàrá kéékèèké tí ara ewéko pín sí. Awọ tó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é, ìpele méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Ṣúgà tí ewé sè wà nínú omi sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rá sì yí i ká láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Kò lè jáde. Àfi tí ilẹ̀kùn bá wà lára ògiri náà, purotéènì sì ni ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ó gun awọ náà já láti inú dé ìta, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ tó ṣe déédéé fún ṣúgà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọmọ yín ló jàre.

* * *

Ẹnì kan ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ kọ̀wé pé ìtànkálẹ̀ lásán ni wọ́n kọ́ òun nílé ìwé: ibi tí ṣúgà bá ti pọ̀, á kúrò níbẹ̀ lọ síbi tí kò ti pọ̀, kí la tún ń wá purotéènì sí?

Ẹ̀gbọ́n, ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn, ìdajì tó kù ló sì le. Òótọ́ ni pé irú ilẹ̀kùn kan wà tí kì í ṣe ju kó ṣí kí ṣúgà yọ́ jáde láti ibi tó ti pọ̀. SWEET lorúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí dídùn. Ọdún 2010 ni Li-Qing Chen àti Wolf Frommer pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi ìwádìí wọn hàn. Purotéènì náà gba inú awọ kọjá lẹ́ẹ̀méje, ó ń ká lọ ká bọ̀ bí okùn tí wọ́n fi rán àpò. Kò ná agbára kankan. Láti inú sẹ́ẹ̀lì ewé sí àyè tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì àti sẹ́ẹ̀lì, òun ló ń tú súkúróòsì síta. Súkúróòsì, ṣúgà inú ìrèké yẹn kan náà, ni èyí tí ọ̀pọ̀ irúgbìn máa ń fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ń lọ. Páìpù kan wà nínú iṣan ewé tí wọ́n ń pè ní phloem. Omi inú rẹ̀ dùn gan-an, ṣúgà lè jẹ́ ìdá mẹ́wàá sí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ìta rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìtànkálẹ̀ lásán ni, ṣe ni ṣúgà inú páìpù á máa jò jáde padà. Ó ṣe wá jẹ́ pé inú ibi tó ti kún ló tún ń wọ̀? Ẹnì kan ló ń tì í gun òkè.

Irú ilẹ̀kùn kejì nìyẹn. SUT ni wọ́n ń pè é, tàbí SUC. Ẹ fojú inú wò ó bí ilé tí olúwa rẹ̀ ní kànga ẹ̀rọ. Pọ́ǹpù á kọ́kọ́ gbé omi gun táǹkì, iná ló sì ń jẹ. Tí omi bá ti wà lókè, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ṣáá ni, ẹ sì lè fi sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù náà ní pọ́ǹpù tirẹ̀ lára awọ rẹ̀. Ó ń jẹ ATP, owó tí sẹ́ẹ̀lì ń ná fún iṣẹ́, ó sì ń lé pírótọ́ọ̀nù síta. Pírótọ́ọ̀nù ni ohun tó ń mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ìta á wá kan ju inú lọ. Àwọn pírótọ́ọ̀nù yẹn fẹ́ wọlé padà, SUT ni ẹnu ọ̀nà, òfin ẹnu ọ̀nà náà sì ni pé ẹni tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ mú súkúróòsì kan dání. Ọ̀kan sí ọ̀kan. Bí ṣúgà ṣe ń wọ ibi tó ti kún tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ewéko ń sanwó fún gbígbé ṣúgà. Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn, torí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oko wa dúró lé.

* * *

Wọ́n bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, ṣé wọ́n rí i lójú ni?

Ìwúkàrà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ní 1992, Riesmeier, Willmitzer àti Frommer ní Jámánì tún ìwúkàrà kan ṣe tó fi jẹ́ pé kò lè fọ́ súkúróòsì ní ìta ara rẹ̀ mọ́. Àfi kó rí i gbé wọlé odindi kó tó lè jẹ ẹ́. Wọ́n gbé e sórí súkúróòsì, ebi ń pa á. Wọ́n wá mú jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe purotéènì, láti inú ẹ̀fọ́ sípínáṣì, wọ́n pín in fún ìwúkàrà náà lóríṣiríṣi. Èyí tó bá jẹun tó sì gbèrú nínú wọn, a jẹ́ pé òun ló gba jíìnì ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe mú SUT àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní 1994 wọ́n lo ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n dín ilẹ̀kùn yìí kù nínú pọ̀tétò. Ewé rẹ̀ kún fún ṣúgà, ó ká kò, ṣùgbọ́n iṣu abẹ́ ilẹ̀ kéré. Oúnjẹ wà lókè, kò rí ọkọ̀ wọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìyẹn, oko ẹ̀gẹ́ tèmi ni mo rí lójú mi, ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀.

* * *

Ìyá kan ní Ifẹ̀ sọ pé òun kò gbà, pé láti gbòǹgbò ni adùn ti ń gòkè, ẹmu sì ni ẹ̀rí òun: ilẹ̀ ló ń fún ọ̀pẹ ní adùn, ìdí nìyẹn tí ẹmu ibì kan fi dùn ju ti ibòmíràn.

Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ yà síbí. Omi àti iyọ̀ ilẹ̀ ló ń ti gbòǹgbò gòkè, wọ́n ní páìpù tiwọn lọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní xylem. Adùn kò sí nínú ilẹ̀. Ní Gánà, wíwó ni wọ́n sábà máa ń wó ọ̀pẹ lulẹ̀ kí wọ́n tó dá a. Gbòǹgbò ti já, igi ti dùbúlẹ̀, síbẹ̀ ẹmu á máa jáde fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ló ń fún un ládùn, ojọ́ tó wó ni ì bá gbẹ. Ohun tí imọ̀ ọ̀pẹ ti sè láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tó kó pamọ́ sínú igi, ló ń tú jáde. Omi ilẹ̀ àti àsìkò lè mú kó ki tàbí kó ṣàn, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó tiẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí láìmọ̀ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Tí bàbá mi bá fẹ́ pa igi ńlá kan lóko láìgé e, àdá ló máa fi bó èèpo rẹ̀ yíká bí òrùka. Igi náà kò ní kú lọ́jọ́ yẹn. Ewé rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀, torí inú igi gan-an ni omi ń gbà gòkè. Ṣùgbọ́n lókè òrùka yẹn, èèpo á máa wú, torí oúnjẹ tó ń bọ̀ láti òkè dé ibẹ̀, ọ̀nà ti já. Gbòǹgbò ni ebi máa pa kú, kí igi tó tẹ̀ lé e. Marcello Malpighi rí wíwú yìí ní Ítálì ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún. Bàbá mi rí i lọ́nà Ìtagúnmọdì.

Ẹ tún wo àwọn kòkòrò funfun kéékèèké tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka kòkó, tí èèrà máa ń tọ́jú bí ẹni ń sin ẹran. Páìpù ṣúgà yẹn ni wọ́n ń ki ẹnu bọ̀. Èyí tí wọn ò lè lò ń jáde lára wọn bí omi dídùn, òun sì ni èèrà ń wá. Àwọn kan náà ló ń gbé àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú kiri, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Gánà ní 1936.

* * *

Ó yá, ti àǹtí.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ́ bàọ́lọ́jì láàárín Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, kí n tó padà sídìí oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ nítòsí Òṣú. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbin ẹ̀gẹ́, mo ní ewúrẹ́ mọ́kànlá. Oṣù kẹta lẹ́yìn gbígbìn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ewé fún wọn, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Igi náà ń rúwé padà kíákíá, inú mi sì ń dùn pé mo rí ẹran bọ́, mo tún rí iṣu. Nígbà tí mo wu ú lóṣù kejìlá, iṣu rẹ̀ rí bí ìka ọwọ́. Apá tí ewúrẹ́ kò dé, tó sún mọ́ odò, ìyẹn ni mo fi rí gààrí jẹ.

Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ àǹtí, mi ò sì fẹ́ kó ṣègbé. Ewé máa ń jẹ oúnjẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé ọ̀dọ́ ni. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kò tíì lè bọ́ ara rẹ̀. Ó ń gba ṣúgà lọ́dọ̀ àwọn tó dàgbà, títí tó fi máa tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yí padà, táá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́. Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe tí a bá ń gé ewé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ la ń gé, àwọn tó ń gbà á la sì ń pè jáde. Igi tún máa tú ohun tó ti kó pamọ́ sínú iṣu, kó fi rúwé tuntun. Òfò ẹ̀ẹ̀mejì ni.

Ẹnì kan ní ọ̀gá òun máa ń gé orí ẹ̀gẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú wíwú. Ìyẹn yàtọ̀, ó sì dára fún ẹni tí kò ní rí ọkọ̀ gbé e lọ́jọ́ tó bá wu iṣu náà, torí iṣu tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún kì í tètè bàjẹ́ lẹ́yìn wíwú. Ó lè pàdánù sítáàṣì díẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń ta lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà á rí i pé èrè wà níbẹ̀.

* * *

Ẹnì kan bèèrè lórí pípo ṣúgà mọ́ omi kí wọ́n sì dà á sídìí àgbàdo kó lè dùn: ẹ dákun, ẹ fi ṣúgà yín mu ògì. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló máa jẹ ẹ́. Adùn àgbàdo wá láti inú irúgbìn tí ẹ gbìn àti ewé tó se é. Èyí tí ẹ bá ya láàárọ̀ tí ẹ sì sè lọ́sàn-án á dùn ju èyí tó sùn mọ́jú, torí ṣúgà inú hóró rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya á.

* * *

Wọ́n bèèrè pé kí ni àgbẹ̀ lè ṣe sí ilẹ̀kùn tí kò rí.

Ìbéèrè tí mo ti ń retí nìyẹn. Pọ̀táṣíọ̀mù, èròjà kan tí irúgbìn ń fà láti inú ilẹ̀. Irúgbìn tí pọ̀táṣíọ̀mù kò bá tó, ṣúgà á máa há sínú ewé rẹ̀, torí kíkó o wọ inú phloem kò ní já geere. Ẹ̀gẹ́ sì máa ń kó pọ̀táṣíọ̀mù púpọ̀ kúrò nínú ilẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń bá iṣu wọ ọjà lọ. Ẹni tó bá gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ kan náà lọ́dún kẹta láìfi nǹkan kan padà, ewé lè wà, síbẹ̀ iṣu á tín-ín-rín. Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí mi lápá òkè oko mi, òun ni mo fi rántí pọ̀tétò 1994 yẹn. Oúnjẹ wà lókè, kò rí ọkọ̀ wọ̀.

Eérú igi ní pọ̀táṣíọ̀mù, ìyẹn làwọn ìyá wa ṣe máa ń kó eérú ààrò lọ sóko. Ẹ má kàn dà á lé igi lórí, ẹ fọ́n ọn ká kí òjò tó rọ̀. Ẹni tó lè ra ajílẹ̀ NPK kó wo nọ́ńbà kẹta lára àpò, òun ni ti pọ̀táṣíọ̀mù. Kò sì sí ìdí láti jó àjákù ẹ̀gẹ́ tí ara rẹ̀ dá, ẹ dá a padà sílẹ̀.

Ẹni tó ní eérú nìkan ti tó, mi ò gbà. Kò ní náítírójìn nínú, ewé tó yẹ kó se ṣúgà náà á pọ́n.

* * *

Mo ní “ẹ̀gẹ́ tí ara rẹ̀ dá” torí àrùn kan. Ewé á kọ́kọ́ ní àbàwọ́n onígun bí ẹni pé omi gbóná ta sí i, á rọ, orí igi á kú wá sísàlẹ̀, oje á máa sun lára rẹ̀. Nàìjíríà mọ̀ ọ́n láti 1972. Bakitéríà ló ń fà á, ilẹ̀kùn ṣúgà yẹn gan-an sì ló ń lò.

Bakitéríà yìí máa ń fi purotéènì tirẹ̀ ránṣẹ́ sínú sẹ́ẹ̀lì ewé ẹ̀gẹ́. Ó lọ tààrà sí jíìnì ilẹ̀kùn SWEET kan tí wọ́n ń pè ní MeSWEET10a, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe é síi. Ilẹ̀kùn pọ̀, ṣúgà ń dà síta sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ sì ni bakitéríà ń gbé. Ẹ̀gẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ohun tó ń pa á. Ẹ̀yà mìíràn nínú ìdílé bakitéríà kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìrẹsì. Ní 2023, àwọn onímọ̀ fi hàn pé tí wọ́n bá bo ibi tí bakitéríà ń fọwọ́ kàn lára jíìnì náà, àrùn ọ̀hún á dín kù nínú ẹ̀gẹ́.

Èmi ò ní irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ lóko, mi ò sì rò pé ẹ̀yin ní. Igi tí mo fi gbìn ní ọdún kan, mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tí mo gbọ́kàn lé, mi ò yẹ ẹ́ wò. Ó ku díẹ̀ kí n má rí nǹkan kan wú. Láti ìgbà náà, inú oko tí kò ní àbàwọ́n ni mo ti ń gé igi gbígbìn, lára apá ìsàlẹ̀ tó gbó. Mi ò ń wọ oko nígbà tí ewé ṣì tutù fún òjò, torí omi ló ń gbé e láti ara igi kan dé òmíràn. Èyí tó bá ní in, mo ń fà á tu, mo ń jó o. Mo ń fi iná yan ojú àdá pẹ̀lú, kí n tó gé igi mìíràn.

* * *

Mo ṣèlérí láti padà sórí tiyín, ẹ̀yin tí ẹ ní ó ń ṣàn bí omi. Tó bá ti wọ inú phloem tán, ẹ jàre. Ṣúgà tó pọ̀ níbẹ̀ á fa omi mọ́ra láti inú xylem, ìtì, ìyẹn agbára tó ń ti omi, á wà lókè. Nísàlẹ̀, iṣu ń kó ṣúgà kúrò, ó ń sọ ọ́ di sítáàṣì, ìtì á dín kù níbẹ̀. Omi dídùn á máa ṣàn láti ibi tí ìtì ti pọ̀ lọ síbi tí kò ti pọ̀, nǹkan bíi mítà kan ní wákàtí kan. Ernst Münch ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1930. Kò mọ àwọn ilẹ̀kùn yìí nígbà náà, ṣùgbọ́n láìsí wọn kò sí ìtì kankan.

Tí ọmọ yín bá pàdé rẹ̀ nínú ìdánwò, kó kọ pé pọ́ǹpù ná ATP, pírótọ́ọ̀nù wọlé pẹ̀lú súkúróòsì, omi tẹ̀ lé e, ìtì sì gbé e lọ. Kó kọ ọ́ ní títẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀.

Fún ewúrẹ́, ẹ gé ewé ìyeyè. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń rúwé padà. Tó bá sì di dandan kí wọ́n jẹ ewé ẹ̀gẹ́, ọjọ́ tí ẹ bá wu iṣu ni kí ẹ kó o, kí ẹ sá a kó rọ dáadáa kí ẹ tó fún wọn, torí májèlé wà nínú tútù rẹ̀. Ẹ bá mi kí àǹtí.